Kí ló dé tí wọ́n fi ń tẹ̀lé khan ẹ? Èsì fún àbúrò tó ń kọ ìtàn àwọn ẹlẹ́ṣin pápá

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ ìtàn àròsọ kan tó ní idán nínú, ọba àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń gbé inú àgọ́ ni ìtàn náà dá lé, Genghis Khan olórí àwọn Mongol ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe. Èèyàn mẹ́ta ti kà á, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ pé ọba mi ò yàtọ̀ sí gbogbo ọ̀dájú tí wọ́n ti ń rí nínú fíìmù. Ṣé kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn ni? Ṣebí ńṣe ló ń pa èèyàn kiri? Àti pé báwo làwọn tí ò ní ilé ṣe ń ṣẹ́gun ìlú olódi? Nípárí ìwé mi, khan kú, àwọn ọmọ ogun ẹ̀ tú ká, wọ́n sì sin ín sínú ibojì ńlá tó kún fún wúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti ṣì í?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ̀wé. Mo ka ìbéèrè ẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fèsì, torí lójú tèmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ odi ìlú tàbí ti ibojì ló ń dùn ẹ́ gan-an. Ohun tó ń dùn ẹ́ ni pé àwọn tó ka ìwé ẹ ò gba ọba ẹ gbọ́, wọn ò sì jẹ̀bi. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àgbáyé ó ti lé lógún ọdún, àwọn tó ń kọ ìtàn àròsọ sì máa ń gbé iṣẹ́ wọn wá kí n bá wọn wò ó, ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọsẹ̀ tó bá ti di ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin pápá yìí. Wọ́n á sọ fún wa bí khan, ìyẹn ọba wọn, ṣe ga tó, bó ṣe burú tó, iye orí tó ti bẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ ìdí kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni fi gbà kó jẹ́ olórí òun.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà o. Àgbẹ̀ ò lè gbé oko ẹ̀ rù kó fi sá fún ọba burúkú, ilẹ̀ ò ṣeé ká bí ẹní. Àmọ́ darandaran tó ń gbé lórí pápá koríko gbalasa tó bẹ̀rẹ̀ láti Hungary títí dé ẹ̀bá Ṣáínà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni gbogbo ọrọ̀ tiẹ̀: àgùntàn, ewúrẹ́, màlúù, ràkúnmí, ẹṣin. Ilé ẹ̀ pàápàá, àgọ́ tí wọ́n fi irun àgùntàn tí wọ́n lù pọ̀ bò, tí wọ́n ń pè ní ger, ó ṣeé tú ó sì ṣeé dì sórí kẹ̀kẹ́ tàbí ràkúnmí láàárín àkókò díẹ̀. Tí olórí kan bá ń jẹ ẹ́ níyà, tàbí tí kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ẹ̀, á dìde lóru, á di ẹrù ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ olórí míì. Torí náà khan tó bá ń pa àwọn èèyàn ara ẹ̀ lójoojúmọ́ láìnídìí bíi ti inú ìwé ẹ yẹn, kò ní pẹ́ rárá tó fi máa ku òun àti ẹṣin ẹ̀ nìkan lórí pápá. Àwọn àgbà wa ní èèyàn laṣọ, lórí pápá yẹn sì rèé, olórí tí ò ní èèyàn, ìhòòhò gidi ló wà.

Wo bí Genghis fúnra ẹ̀ ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ọdún bíi 1162 ni wọ́n bí i, Temujin lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn. Kò ju ọmọ ọdún 9 lọ tàbí ká fi díẹ̀ lé e nígbà táwọn Tatar, ẹ̀yà míì lórí pápá, fún Yesugei bàbá ẹ̀ ní májèlé jẹ. Kí làwọn ọmọ ẹ̀yìn Yesugei wá ṣe? Wọ́n kó ẹran wọn, wọ́n fi opó àtàwọn ọmọ wéwé sílẹ̀ síbẹ̀, torí opó ò ní nǹkan tó máa fún wọn, kò sì lè kó wọn lọ sógun. Hoelun, ìyá ọmọ náà, ló ń wa gbòǹgbò àti àlùbọ́sà inú igbó, àwọn ọmọ ń pẹja lódò Onon, oúnjẹ òtòṣì gbáà. Ibẹ̀ náà ni Temujin àti Khasar àbúrò ẹ̀ ti ta Begter tó jẹ́ ọbàkan wọn lọ́fà pa, lórí ẹja àti ẹyẹ tó já gbà lọ́wọ́ wọn, inú ìyá wọn sì ru débi tó fi pè wọ́n ní apààyàn. Má fo ibí yìí tó o bá ń kọ tìẹ, torí mi ò ní kó o sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ìgbà tó dàgbà tó fẹ́ Borte, àwọn ẹ̀yà Merkit wá jí ìyàwó náà gbé, ẹ̀san ni wọ́n ń gbà torí ọwọ́ wọn ni Yesugei ti já Hoelun gbà nígbà tiẹ̀. Temujin ò lágbára tó máa fi dá lọ gbà á. Ó lọ bá Toghrul olórí àwọn Kereyit, tó ti bá bàbá ẹ̀ mulẹ̀ rí, ó tún lọ bá Jamukha, tóun pẹ̀lú ẹ̀ ti mulẹ̀ láti kékeré, àwọn yẹn ló bá a jà. Borte padà wálé, kò pẹ́ ó bí Jochi, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà títí dòní pé ọmọ ta ni. Temujin gbà á lọ́mọ, ó ní tòun ni. Ọ̀rọ̀ yẹn máa tún padà wá.

Èwo wá ni ìdí táwọn èèyàn fi ń kúrò lọ́dọ̀ Jamukha tó wá láti ìdílé gidi, tí wọ́n ń wá bá ọmọ òrukàn yìí? Àwọn méjèèjì padà di ọ̀tá, Jamukha ṣẹ́gun ẹ̀ nígbà kan, ìtàn sì sọ pé ó se àwọn tó mú nínú ìkòkò 70. Ohun tó yẹ kó o gbà sọ́kàn níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn ìṣẹ́gun yẹn gan-an làwọn kan lára àwọn ọmọ ogun Jamukha di ẹrù wọn, wọ́n lọ bá ẹni tó pàdánù! Ìkà lásán ń lé èèyàn sá. Ní 1202 tí Temujin ń lọ bá àwọn Tatar jà, ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dúró kó ẹrù títí ogun á fi tán, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ jọ tí wọ́n á pín in. Àwọn ẹbí ẹ̀ mẹ́ta tó jẹ́ èèyàn pàtàkì, Altan, Quchar àti Daritai, ò ka àṣẹ yìí sí, ó sì ní kí wọ́n lọ gba gbogbo nǹkan tí wọ́n kó lọ́wọ́ wọn. Inú bí wọn, wọ́n padà lọ dara pọ̀ mọ́ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n fojú inú wo ọmọ ogun kékeré tí ò ní bàbá ní ìsàlẹ̀, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọmọ ọba torí pé ó kó o ṣáájú kí wọ́n tó pín fún tòun, ṣé irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ á kúrò lẹ́yìn olórí yìí? Tún wo ti Jebe. Ọ̀tá ni, ó ta ọfà tó ba ẹṣin Temujin lójú ogun, nígbà tí wọ́n mú un tí wọ́n bi í, ó ní òun ni o, ẹ lè pa mí. Temujin ní ẹni tí ò parọ́ bò ara ẹ̀ yìí ṣeé bá rìn, ó sọ ọ́ ní Jebe tó túmọ̀ sí ọfà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun ẹ̀ tó lókìkí jù. Subutai, ọ̀gágun ẹ̀ míì tí ayé ń pariwo ẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ló jẹ́.

Ìgbà tó di 1206 ni wọ́n pe ìpàdé ńlá, kurultai, létí odò Onon, wọ́n sì fi í joyè Chinggis Khan, ìyẹn Genghis Khan tá à ń pè é, oyè ni, kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ọ̀rọ̀ "horde" tí gbogbo èèyàn ń lò bíi pé èrò tó ń ya lulẹ̀ ni, inú ordo ló ti wá, àgọ́ tàbí ààfin olórí sì ni ordo. Kò sí ohun tó jọ rúdurùdu níbẹ̀. Ó pín wọn sí mẹ́wàá mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún, 1,000 àti 10,000, ó sì yan balógun 95 lórí àwọn ẹgbẹ́ 1,000. Ó fọ́ àwọn ẹ̀yà tó ti bá a jà sí wẹ́wẹ́, ó da wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn míì kó má baà sí pé ẹ̀yà kan á tún kóra jọ, ó sì kà á léèwọ̀ pé kí ọmọ ogun kúrò nínú ẹgbẹ́ tiẹ̀ lọ sí òmíì. Ìyẹn ni pé ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó ń rìn ni wọ́n fi gbé e ga ló wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Mo rò pé inú ibi ìtakora yìí nìkan o lè rí odindi ìwé kan kọ.

Kí n yára tún nǹkan kan ṣe. O fún khan ẹ ní ife agbárí èèyàn, o ní o gbà á lára Attila. Àwọn Hun ni Attila jẹ́ olórí fún, ó kú ní 453, ó lé ní 700 ọdún kí wọ́n tó bí Temujin, wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Priscus tí ìjọba Róòmù ti ìlà oòrùn rán lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ ní 449 kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí wọ́n ń gbé abọ́ fàdákà àti ife wúrà fáwọn àlejò, abọ́ onígi ni Attila fi ń jẹ ẹran, ife onígi ló fi ń mu ọtí. Mú ìyẹn! Olórí tó gbé wúrà fún èèyàn tó mú igi fún ara ẹ̀, ìwé kíkà ni fún ẹni tó bá lóye.

Ó wá kan pípa èèyàn. Mi ò ní bá ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ o, ìpakúpa yẹn ṣẹlẹ̀, ó sì burú ju bó o ṣe kọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1218, àwọn oníṣòwò bíi 450 tí wọ́n wá láti ọ̀dọ̀ Genghis dé ìlú Otrar, ní ibi tó di Kazakhstan lónìí, gómìnà ibẹ̀ ní amí ni wọ́n, ó pa wọ́n, ó gba ẹrù wọn. Genghis kò tíì jagun, ó rán ikọ̀ sí Sultan Muhammad ti Khwarezm, ọba tó ni Otrar, pé kó fi gómìnà náà lé òun lọ́wọ́. Sultan pa nínú ikọ̀ náà, ó sì dójú ti àwọn tó kù. Láàárín 1219 sí 1221 ilẹ̀ Khwarezm ti fọ́, Sultan sì ti kú sórí erékùṣù kan nínú Òkun Caspian. Òfin tó wà nílẹ̀ ni pé ìlú tó bá ṣílẹ̀kùn á san owó orí, á sì yè, èyí tó bá ta kò wọ́n, tàbí tó tẹrí ba tó tún dìtẹ̀, ó ti parí fún un. Ìlú Merv àti Nishapur jẹ nínú ẹ̀ ní 1221. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà yẹn dárúkọ iye òkú tó lé ní mílíọ̀nù kan fún ìlú kan ṣoṣo, àwọn onímọ̀ òde òní ò sì gbà á, torí ìlú yẹn ò lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ká dín in kù títí, ó ṣì jẹ́ ohun tó ń ba èèyàn nínú jẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni kí ìròyìn lè ṣáájú wọn dé ìlú tó kàn, kí ìyẹn ṣílẹ̀kùn láìjà, torí àwọn Mongol ò pọ̀, wọn ò sì ní ọmọ ogun tí wọ́n lè máa fi ṣòfò. Wọ́n máa ń yọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ́tọ̀ kí wọ́n má pa wọ́n. Tó o bá fẹ́ kí ẹ̀rù ba òǹkàwé ẹ gidi, jẹ́ ká rí ọkùnrin kan tó ń ka orí èèyàn bí ẹni ń ka àgùntàn, tó ń bi wọ́n pé ta ló mọ aṣọ hun, ta ló mọ irin rọ, tí ohùn ẹ̀ ò sì ga rárá.

Ti odi ìlú rọrùn láti dáhùn: wọn ò mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ ọ ni. Ní 1209 tí wọ́n ń bá Xi Xia, ìjọba kan lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà, jà, wọ́n fẹ́ darí omi odò Huang He sínú ìlú, ìdídò tí wọ́n mọ já, omi sì ya wọ àgọ́ tiwọn fúnra wọn. Kò ju ọdún mẹ́fà lọ lẹ́yìn ẹ̀, 1215, wọ́n gba Zhongdu, ibi tó jẹ́ Beijing lónìí. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n ń gba àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti Ṣáínà, lẹ́yìn náà wọ́n ń gbà láti ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, débi pé nígbà tí Kublai ọmọ ọmọ Genghis ń bá ìlú Xiangyang ní Ṣáínà fà á fún nǹkan bí ọdún 5, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Páṣíà ló ṣe ẹ̀rọ ajùkúta ńlá tó fi gbà á ní 1273. Ohun tí mo fẹ́ kó o máa rò ju odi lọ ni koríko. Ọmọ ogun kan ń lọ pẹ̀lú ẹṣin mẹ́ta sí márùn-ún, á máa pààrọ̀ wọn, á máa mu wàrà wọn. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ẹni bẹ́ẹ̀ rèé, koríko ibẹ̀ á tán kíákíá, torí náà wọn ò lè jókòó síbì kan, wọn ò sì lè gba ọ̀nà tí koríko ò sí. Nínú ìwé ẹ, ẹgbẹ́ ogun gba aṣálẹ̀ kọjá fún oṣù méjì, àwọn ẹṣin ò sì jẹ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé dé díẹ̀. Ìgbà òtútù ni wọ́n wọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní 1237, nígbà tí odò ti dì tó di ọ̀nà fún ẹṣin.

Idán ẹ ńkọ́? Àwọn tó kà á ní ó dùn, èmi náà gbà, ṣùgbọ́n aríran inú ìwé ẹ kàn ń ṣe ìránṣẹ́ fún khan ni. Jẹ́ kí n sọ ti Kokochu tí wọ́n ń pè ní Teb Tengri fún ẹ. Aríran ni, òun ló kéde pé Ọ̀run Ayérayé ti fi ayé lé Genghis lọ́wọ́. Ẹni tó bá lè sọ pé Ọ̀run fún ẹ, ó lè sọ lọ́la pé Ọ̀run ti gbà á padà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Òun àtàwọn arákùnrin ẹ̀ na Khasar, ó tún lọ sọ fún Genghis pé òun rí i pé Khasar lè gba ìjọba. Genghis gbà á gbọ́, ó de àbúrò ara ẹ̀ mọ́lẹ̀. Hoelun gun kẹ̀kẹ́ ràkúnmí lóru, ó dé ibẹ̀, ó tú ọmọ ẹ̀, ó ṣí ọmú ẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ ó bi Genghis pé ṣé ó rí ọmú tẹ́ ẹ jọ mu. Lẹ́yìn náà ni Teb Tengri tún dójú ti àbúrò tó kéré jù, Temuge, wọ́n mú un kúnlẹ̀, Borte sì sunkún níwájú ọkọ ẹ̀, ó ní tí wọ́n bá lè ṣe báyìí fáwọn àbúrò ẹ nígbà tó o wà láàyè, kí ni wọ́n máa ṣe fáwọn ọmọ mi tó o bá lọ? Wọ́n pe aríran náà síta bíi pé wọ́n fẹ́ jìjàkadì, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ti dúró ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn. Ká ní èmi ni mò ń kọ ìwé yìí ni, àárín rẹ̀ ni màá gbé èyí sí, torí gbogbo nǹkan tí ìtàn pẹ̀lú idán ń wá ló wà níbẹ̀.

Ṣé o rí i pé obìnrin ló ń yí ọ̀rọ̀ yẹn padà lẹ́ẹ̀mejì? Nínú ìwé ẹ, obìnrin mẹ́ta ló wà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jí gbé. Lóòótọ́ wọ́n ń jí obìnrin gbé, mo ti sọ ti Borte. Àmọ́ obìnrin ló ń darí àgọ́ àti ẹran nígbà tí ọkùnrin bá wà lójú ogun, àwọn kan sì ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ náà. Tó o bá bi mí bóyá kó o máa fi ojú khan sọ ìtàn náà bó o ṣe ń ṣe é, tàbí ojú ẹlòmíì, mo rí àǹfààní nínú méjèèjì. Ojú khan á jẹ́ ká wà níbi tí ìpinnu ti ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú òǹkọ̀wé fẹ́ràn ẹ̀ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwáwí fún un. Ojú ará ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun á jẹ́ kó o sọ òótọ́ nípa ẹ̀jẹ̀, àmọ́ eruku nìkan ni wàá rí lára àwọn ẹlẹ́ṣin náà, o sì tún padà sí ibi tó o ti ń bọ̀. Ojú ìyàwó tàbí ìyá lèmi máa mú, torí òun mọ ẹni tó ń dìtẹ̀, iye àgùntàn tó kù, àti ìdílé tó ti ń di ẹrù wọn lóru. Rántí pé àwọn ìwé àtijọ́ tá a ní náà ní ojú tiwọn: èyí tó pẹ́ jù lédè Mongol, ọ̀dọ̀ ìdílé khan ló ti wá, Juvayni tó kọ ti Páṣíà, abẹ́ Hulagu tó jẹ́ ọmọ ọmọ Genghis ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ò ní ẹni tó ń bẹ̀rù.

Ó wá ku ikú khan ẹ àti ogun tó tú ká. Genghis kú ní 1227 lẹ́nu ogun Xi Xia, ogun yẹn ò sì dúró, ìṣẹ́gun wọn tó tóbi jù pàápàá ẹ̀yìn ikú ẹ̀ ló wà. Tolui tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn nínú àwọn ọmọ Borte ló di ilé mú títí wọ́n fi fi Ogedei jẹ ní 1229. Kí ló dé tó fi jẹ́ Ogedei, ọmọ kẹta? Torí pé nígbà tí bàbá wọn ṣì wà láàyè, Chagatai dìde lójú gbogbo èèyàn, ó ní òun ò lè sin ọmọ Merkit, Jochi ló ń bá wí, àwọn méjèèjì sì gbá ara wọn mú. Ọ̀rọ̀ tí mo ní ó máa padà wá nìyẹn. Ogedei tún kú ní December 1241, àwọn ọmọ ogun tó wà ní Hungary sì padà sẹ́yìn ní 1242. Àwọn kan ní torí yíyan khan tuntun ni, àwọn kan ní koríko àti ojú ọjọ́ ni, àríyànjiyàn náà ò tíì tán láàárín àwọn onímọ̀. Toregene opó Ogedei ló wá ṣàkóso títí di 1246 tó fi Guyuk ọmọ ẹ̀ jẹ. Sorghaghtani, opó Tolui, ò sọ̀rọ̀, ó ń fún èèyàn lẹ́bùn, ó ń tọ́ ọmọ, nígbà tó di 1251 ìjọba bọ́ sọ́wọ́ Mongke ọmọ ẹ̀. Mongke kú ní 1259, Kublai àti Ariq Boke, ọmọ ìyá kan náà, fi ọdún 4 bá ara wọn jà. Torí náà ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí khan bá kú ni pé gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n á máa wo ẹnu opó, wọ́n á máa ka ẹni tó wá sípàdé àti ẹni tí ò wá, ọ̀nà á kún fún ìránṣẹ́ ẹlẹ́ṣin. Kọ àkókò yẹn dípò ogun tó tú ká ní ojú ewé kan.

Ibojì wúrà yẹn, yọ ọ́. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n sin Genghis sí, ọ̀pọ̀ ló rò pé apá òkè Burkhan Khaldun ni, lápá àríwá Mòǹgólíà, níbi tó sá pamọ́ sí nígbà táwọn Merkit wá gbé Borte lọ. Àwọn èèyàn ti wá a títí, títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, kò tíì sẹ́ni tó rí i.